Àbàjà Lójú Ọmọ Ogun Kékeré

"Ojú ta nìyí?"

Bámigbóyè ò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró lé Mobọ́lá, ìyàwó àbúrò rẹ̀, lórí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ìka méjì mú ọmọ ogun oníke kan tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, ó gbé e súnmọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ẹ rọra, Bọ̀dá mi. Pọ́tì ojú ẹ̀ ò tíì gan."

"Mo ní ojú ta nìyí?"

Kéèkì ni Mobọ́lá ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀, kí àwọn kan ní Ìbàdàn tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn yẹn a máa to ọmọ ogun kéékèèké sórí tábìlì, wọ́n á fi wọ́n ta ayò ogun. Wọ́n ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí i láìní ọ̀ṣọ́ kankan, bí wọ́n ṣe kúrò nílé iṣẹ́. Òun á po pọ́tì aláwọ̀ ewé, tó rọ̀ bí àmọ̀ kó tó gan, á fi abẹ́rẹ́ àti igi ìtayín ṣe ìlẹ̀kẹ̀ sí wọn lọ́rùn, á so apó mọ́ wọn lẹ́yìn, á wé láwàní fún ẹni tí láwàní bá yẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kó kọ ilà fún wọn, kí wọ́n lè jọ jagunjagun ayé àtijọ́. Wọn ò sọ irú ilà. Ojú kan ṣoṣo tó kọlà tí Mobọ́lá sì ń rí lójoojúmọ́ ni ojú bàbá ọkọ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń fi aṣọ tútù nù láràárọ̀ láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá náà jókòó. Àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ tán kó tó ronú sí i.

"Ojú Bàbá ni," ó ní.

"Ojú Bàbá! Ojú ilé Fábọ̀dé! O wá fi ṣe ọmọ ogun tí àwọn kan á máa pa ṣeré." Bámigbóyè na ìka sí àwọn yòókù tó tò sórí pákó. "Àwa ò tíì gbàgbé Irewọlé o. Àbí ẹ̀yin ará Ìfọ́n ti gbàgbé?"

Irewọlé ni àbíkẹ́yìn ilé náà. Ìjà ilẹ̀ àárín Ìfọ́n àti Ìlobù, ìlú ọkọ Mobọ́lá, ló mú un lọ. Ìjà yẹn kan náà ló jó ilé tí wọ́n bí Mobọ́lá sí ní Ìfọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìyẹn rí ní Ìlobù, òun náà ò sì sọ ọ́. Gbádé ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ bó ṣe sunkún tó, Gbádé sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Bámigbóyè dun Mobọ́lá wọ egungun.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Fá gbogbo ẹ̀ kúrò. Mò ń lọ lẹ táyà ọ̀kadà mi. Bí mo bá dé tí mo bá àbàjà lójú ìkankan, kí o di ẹrù ẹ, kí o gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ."

Ó jáde. Ẹ wò ó, kì í ṣe ìkà èèyàn o. Òun ló pọn Bàbá délé ìwòsàn lọ́jọ́ tí àìsàn náà dé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan Irewọlé, kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Mobọ́lá ti abẹ́rẹ́ bọ omi kó má baà lẹ̀ mọ́ pọ́tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá. Ó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ẹni tó wà níwájú, ó fá tòsì, ó fi ìka olómi pa á títí ó fi jọ̀lọ̀ bí ojú ọmọ tuntun. Omijé ń kán sórí pákó. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á. Ibo ni yóò di ẹrù lọ? Ilé tó ti jó?

"Kí lò ń fá, ìyàwó?"

Bàbá ti jí lórí àga rẹ̀ ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ Mobọ́lá létí. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ilà ojú yín ni mo kọ fún wọn láìgbàṣẹ. Bọ̀dá ní kí n fá a kúrò."

"Gbé e wá."

Ó gbé ọ̀kan tí kò tíì fá lé e lọ́wọ́, ó sì bá a di awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá mú kó lè ríran dáadáa. Bàbá wò ó, ó tún un wò. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Ta ló ń bá jà?"

"Ọmọ ogun ẹlòmíì ni, Bàbá. Wọ́n á ju dáìsì bíi ti lúdò, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ ẹni tó ṣẹ́gun."

"Tó bá ṣubú ńkọ́?"

"Wọ́n á dá a padà sínú páálí."

"Lẹ́yìn náà?"

"Bí wọ́n bá tún fẹ́ ta ayò, wọ́n á gbé e dìde."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀rín náà pẹ́ kí Mobọ́lá tó rí i pé ẹkún ti wọ̀ ọ́.

"Wọ́n á gbé e dìde," ó ní. "Àwọn ọmọ Ìbàdàn yẹn mà kúkú gbọ́n o." Ó dá ọmọ ogun náà padà. "Má fá ìkankan mọ́. Èyí tó o ti fá yẹn, má tún kọlà fún un. Irewọlé ò kọlà."

Mobọ́lá mú èyí tó ti fá náà. "Ṣé kí n yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún yín ni, Bàbá?"

"Kí n fi ṣe kí ni? Jẹ́ kó bá àwọn yòókù lọ. Ibi tí wọ́n ti ń gbéni dìde ni kó lọ."

Nígbà tí Bámigbóyè dé, àbàjà ló kọ́kọ́ rí. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n Mobọ́lá ti dìde dúró.

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣe sùúrù fún mi. N ò fá a, n ò sì lọ sí Ìfọ́n. Ilé mi nìyí. Iná jó tibẹ̀, ikú sì wọ ìhín, èmi ni mo ni méjèèjì."

Bámigbóyè wojú bàbá rẹ̀.

"Irewọlé lèyí tó wà níwájú yẹn," ni Bàbá wí.

Bámigbóyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú awò, ó wo ọmọ ogun tí ojú rẹ̀ ń dán náà. Mobọ́lá rò pé yóò sọ ọ́ mọ́lẹ̀ ni.

"Etí ẹ̀ tóbi ju báyìí lọ," ó ní.

Mobọ́lá jókòó, ó já pọ́tì bíńtín, ó ń fi ìka méjì yí i. "Báwo ló ṣe tóbi tó, Bọ̀dá mi?"

Bámigbóyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di etí ara rẹ̀ mú.

"Bíi tèmi ni," ó ní.