Ẹni Tó Mọ Yàrá Ẹ̀yìn

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló jogún ilé oko náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún, àbúrò sì fẹ́ wó o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń dá gbé ibẹ̀, fàáké kọ́rí. Bàbá wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ, ó sọ ọ́ títí tó fi kú, ẹ̀gbọ́n yìí sì ni ààyò bàbá. Bí wọ́n bá wó o, kò níbòmíì tó máa lọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò pé kí bíríkìlà wá wò ó, ohun tó bá sọ labẹ gé.

Bíríkìlà kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ó ju okùn kan tó so òkúta mọ́ nídìí sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀, ó mi orí. Ògiri náà ti tẹ̀ síta tó ìka mẹ́rin. Ìpele amọ̀ ibẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga dé ìbàdí; wọn ò jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé tòkè lé e.

"Ẹni tó mọ èyí ń kánjú lọ sílé," ló wí.

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Inú bí ẹ̀gbọ́n.

Ní yàrá ẹ̀yìn, bíríkìlà àti àbúrò gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Sìmẹ́ǹtì ò kan ògiri ibẹ̀ rí, ipa ìka ẹni tó mọ ọ́n ṣì hàn kedere. Ìpele ibẹ̀ ò ga ju orúnkún lọ, okùn sì dúró ṣánṣán.

"Ta ló mọ eléyìí?"

"Bàbá wa náà ni," ẹ̀gbọ́n wí.

"Rárá, mà. Ẹni yìí kúrú, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tóbi. Ẹ wo bó ṣe fa ìka. Òsì ló fi ṣe é."

Ìyá wọn nìkan ló ń lo ọwọ́ òsì nínú ilé náà. Bí bàbá bá ń sọ ìtàn ilé, ohun tó máa ń sọ nípa ìyá ò ju pé ó se oúnjẹ fáwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n pàápàá ti fi ṣẹ̀fẹ̀ fún àlejò rí: "Ìyá wa? Ọbẹ̀ ló kọ́." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà, ojú tì í gan-an.

Bíríkìlà ní iwájú ilé lè wó pa èèyàn, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn á pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Àbúrò wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ní ká fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nítorí Bàbá, mi ò ní jà."

"Ẹ wó ti Bàbá," ló wí. "Ẹ rọra ṣá, kó má baà wó lu ti Màmá."