Ọgbẹ́ Tí Obìnrin Ń Rán

Dókítà obìnrin kan fi ẹ̀mú di abẹ́rẹ́ mú, ó gún un wọ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ kan, ó fà á yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ta kókó. Ojú rírán kẹfà nìyẹn. Ó ku márùn-ún. Gíláàsì ló la apá ọkùnrin tó ń ṣe wíńdò yìí gbọọrọ. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ẹnu rẹ̀ ni kò dá.

"Nọ́ọ̀sì, dókítà gan-an dà?"

"Èmi ni dókítà, sà."

"Ìwọ kẹ̀? Lọ pe ọkùnrin kan wá, jàre. Èmi ò fi apá mi kọ́ obìnrin níṣẹ́." Ó fa apá rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọdún kẹta dókítà rèé lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ. Ọgbẹ́ mẹ́wàá tó dá rán ni wọ́n ń béèrè kó tó lè ṣèdánwò. Èyí ni ìkẹwàá, ọ̀sán òní sì ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Òfin ilé ìwòsàn náà kò gba ẹ̀bẹ̀: ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ ló ni iṣẹ́ náà.

Ọ̀gá àgbà àwọn dókítà gbọ́ ariwo, ó wọlé. Òun yìí kan náà ló kó àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ajé, tó fi odidi wákàtí méjì kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ bí aláìsàn bá kọ̀ wọ́n nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, tàbí pé wọ́n jẹ́ obìnrin. "Ẹ̀yìn yín ni màá wà gbágbáágbá!" ló ń pariwo. Àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Gbọ̀ngàn ni ìgboyà rẹ̀ mọ.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi," ló ń sọ fún oníwíńdò báyìí, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Ó yíjú sí dókítà. "Àbúrò, gbé abẹ́rẹ́ fún mi. Ká fi pẹ̀lẹ́ mú un."

Dókítà wo ọwọ́ múlọ́múlọ́ tó nà sí i. Kò gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn mi, sà, níbi tí ẹ ní ẹ máa wà." Ó kọjú sí oníwíńdò. "Torí mo jẹ́ obìnrin lẹ ṣe kọ̀ mí. Mi ò gba ìyẹn. Àmọ́ apá yín ni, ẹ láṣẹ. Tẹ́ ẹ bá ní kí n dúró, ọ̀gá á bá yín parí ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n rán ọgbẹ́ kẹ́yìn."

"Ọ̀gá, ìgbà wo ni?" ni oníwíńdò bi í.

Ọ̀gá wúkọ́. "Ó ti ṣe díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi ti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́jọ."

"Ọdún mẹ́jọ! Ẹ wá fẹ́ fi apá tèmi rántí ẹ̀?" Ó tẹ́ apá sílẹ̀ padà. "Obìnrin, rán an, jàre."

"Dókítà."

Oníwíńdò mi orí. "Dókítà, ẹ rán an."

Dókítà kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rán márààrún, kókó wọn dọ́gba, ó gé okùn, ó fi bándéèjì dì í, ó ní omi kò gbọ́dọ̀ kàn án fún ọjọ́ méjì. Ó na fọ́ọ̀mù ìdánwò rẹ̀ sí ọ̀gá. Ọ̀gá wá ibi tí yóò gbé ojú sí, kò rí i. Ó bu ọwọ́ lù ú.

"O sọ ọ́ dáadáa," ó ń kùn, "bí mo ṣe kọ́ yín gẹ́lẹ́."

Dókítà gba ìwé rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ jù sínú garawa, ó sì jáde.