Ẹran Àwọn Baba Kì í Wúwo

Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìjà náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Ní àárọ̀ Sátidé tí wọ́n ń wọn àwọn akànṣẹ́, mo jókòó sórí àga oníke nínú gbọ̀ngàn Mdantsane, mo fẹsẹ̀ lélẹ̀, mo ń tayín bí ẹni tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Obìnrin tó ń ka òṣùwọ̀n gbójú sókè.

"Phakamile, o fi kílò kan wúwo jù."

Àkọ́bí mi ni Phakamile. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, ó sì ti gba bẹ́líìtì orílẹ̀-èdè South Africa nígbà mẹ́ta. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Mzoxolo, ẹni tí wọ́n ti jọ jà rí, tí wọn yóò tún jọ jà lọ́jọ́ kejì, ni ó kàn. Òun náà gùn ún.

"Kílò kan àti díẹ̀," obìnrin náà ní. Ó wo àwọn méjèèjì, ó mi orí. "Ẹ̀yin àgbàlagbà wọ̀nyí! Wákàtí méjì péré ni mo fún yín. Tí ẹ ò bá sọ ọ́ kalẹ̀, kò sí ìjà lọ́la."

Welile, bàbá tó ti ń kọ́ ọmọ mi ní ẹ̀ṣẹ́ láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n, rọra yíjú wò mí. Mo yọ igi kúrò lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀ ni mo pa ewúrẹ́. Phakamile ti ṣèlérí fún mi pé ìjà yìí ni ìkẹyìn. Ènìyàn kì í fi iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún sílẹ̀ kó má sọ fún àwọn baba ńlá rẹ̀. Welile bẹ̀ mí títí: "MamTolo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìjà." Mo ní ṣé ìgbà tí ènìyàn bá ti dé ibi tó ń lọ ló ń dágbére ni? Ó ní ọmọ náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, ìwọ̀n rẹ̀ ti kún dẹ́nu. Mo wá la ẹnu ńlá mi yìí, mo ní ẹran àwọn baba kì í wúwo.

Ká sọ òtítọ́, ẹyọ ẹran kan péré, ti apá ọ̀tún tí a sun láìfi iyọ̀ sí, ni àṣà ní kí ó jẹ. Kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Èmi ni mo bu àgbàdo àti ẹ̀wà tì í, mo gbé ìfun lé e, mo gbé ọ̀rá lé e, mo ya búrẹ́dì lé gbogbo rẹ̀, mo wá dúró tì í bí ọlọ́pàá. Ojú àwọn àbúrò baba rẹ̀ kò jẹ́ kó lè kọ̀.

Bó ṣe ń jẹ lọ́wọ́, ta ló yọ lẹ́nu ọ̀nà? Mzoxolo. Ilé kẹrin sí tiwa ló ń gbé, a kì í sì í pe ènìyàn síbi ewúrẹ́. Ẹni tí òórùn rẹ̀ bá kàn ló ń bọ̀, ẹnìkan kì í sì í lé e. Ó kí wa, ó jókòó sẹ́bàá ọgbà, ó ń wo ilẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ wá gbọ́ ìwà ìkà ìyá àgbà: mo bu tirẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Mo ní, "Jẹun, ọmọ mi, o ti rù jù." Nínú mi, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ó jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dúpẹ́, ó tún gba ọtí bàbà lé e. Mo rẹ́rìn-ín wọ oorun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò rántí pé ìkòkò kan náà ni mo ti bu fún ọmọ tèmi.

Mo dìde lórí àga oníke náà, mo lọ bá Phakamile níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Bóyá kí o jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀," mo ní. "Bóyá àwọn baba ni kò fẹ́ ẹ."

"Màámi, tí kò bá sí ìjà lọ́la, kò sí ìkẹyìn nìyẹn. N ó dúró de òmíràn ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn tutù dé egungun mi. Mo mọ ohun tó jẹ́. Oṣù mẹ́fà míràn nínú ilé ìdárayá ni, kí wọ́n tún máa lu orí tó ti ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ tó bí. Ìjà náà gbọ́dọ̀ wáyé, kó parí, kí ọmọ mi sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀.

Welile ní mọ́tò Toyota àtijọ́ kan. Híítà rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta, ó ń fẹ́ ooru lẹ́ẹ̀rùn àti lótútù, kò ṣeé pa. Ààrò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó gbé e sínú oòrùn, ó tan án, ó fi ọ̀rá ìdalẹ̀nù wọ Phakamile lọ́rùn, ó da búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó ti gbogbo fèrèsé, kó lè làágùn kílò náà jáde. Mzoxolo dúró sí ìta, ó gbé táwẹ̀lì kọ́ èjìká. Takisí ló wọ̀ wá. Kò ní mọ́tò, kò ní ààrò.

"Kó lọ wá tirẹ̀," Welile ní.

"Ẹ jẹ́ kó wọlé, Bàbá," Phakamile ní láti inú búláńkẹ́ẹ̀tì. "Tí kò bá wọlé, ta ni n ó bá jà?"

Ni Mzoxolo bá wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi náà ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo ti ìdí mi wọlé lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà.

"Níbo lẹ ń lọ, MamTolo?"

"Èmi ni mo sè é. N ó bá wọn làágùn rẹ̀. Ti ilẹ̀kùn."

Háà, mo rí nǹkan! Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òógùn ń gba àárín ọmú mi lọ bí ẹ̀rọ omi tó fọ́. Agolo kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí wọ́n ń tutọ́ sí, nítorí itọ́ pàápàá ní ìwọ̀n. Ẹ̀rọ mọ́tò ń kùn. Nígbà tó pẹ́, ọmọ mi fi oríkì ìdílé ẹnìkejì rẹ̀ pè é.

"Bhele, ò ń rùn bí òbúkọ."

"Òbúkọ yín ló ń jáde lára mi, Gatyeni."

"Bó o ṣe ń mí hẹ̀ẹ̀ yìí, ṣé wàá dé abala kẹta lọ́la?"

"Abala kẹta? Ìwọ tí mo lù ní abala kẹta nígbà àkọ́kọ́?"

"Irọ́ ni. Èmi ni mo lù ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Abala kẹrin ni."

"Kẹfà ni, Gatyeni."

Mo wo Phakamile nínú dígí òkè. Ó ń wá ọjọ́ náà nínú orí rẹ̀, mo rí i bó ṣe ń wá a.

"Mi ò rántí mọ́," ó ní.

"Kò burú," Mzoxolo ní pẹ̀lẹ́. "Èmi ni mo ṣubú. Ó yẹ kí èmi rántí."

Mo wo ìta. Mzoxolo bá fọwọ́ kan èjìká mi.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Kí ló dé tí ẹ bu oúnjẹ tó pọ̀ tó yẹn fún mi lọ́jọ́bọ̀?"

Ooru ti yọ́ gbogbo irọ́ kúrò lára mi.

"Kí o lè wúwo, kí wọ́n lé ọ lọ."

Ni Phakamile bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní omi nínú, bí ìgbà tí a ń fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ. Mzoxolo tẹ̀ lé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí orí wọn fi kanra wọn. Èmi náà ń mi gbogbo mọ́tò jìgìjìgì. Welile sáré wá kan fèrèsé: "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹnìkan ti kú ni?"

Nígbà tí wákàtí méjì pé, Phakamile gun òṣùwọ̀n, ó pé géérégé. Mzoxolo ṣì fi ìwọ̀n bébà kan wúwo jù, ó sì di dandan kó bọ́ ṣòkòtò. Èmi ni wọ́n ní kí n di etí táwẹ̀lì kan mú kó lè bo ìhòòhò rẹ̀. Mo di ojú mi. Ó dáa, mo di ojú kan. Òṣùwọ̀n náà gbà á. Welile ní kí èmi náà gùn ún wò kí a mọ ohun tí ìyà mi tó. Mo gùn ún. Iye rẹ̀ wà láàárín èmi àti Ọlọ́run mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, láti ìjọ ni mo ti lọ tààrà, mo ṣì wọ búláòsì pupa àti àkẹtẹ̀ funfun ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni Phakamile àti Mzoxolo wọlé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọdé òde òní ń gbé fóònù sókè, àwọn àgbàlagbà ń kọrin. Agogo lù.

Ẹsẹ̀ kò sí mọ́. N kò ní purọ́ fún yín. Omi tí wọ́n mu lálẹ́ Sátidé kò tíì dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n máa ń yí ara wọn ká bí àkùkọ. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n pàdé láàárín, wọ́n fi orí ti orí, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ kúkúrú, sí ìhà, sí àgbọ̀n, lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Kò sí èyí tó ṣòfò, nítorí kò sí agbára tí wọ́n lè fi ṣòfò. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ẹ̀ṣẹ́ ogún wá, ẹ̀ṣẹ́ kan ni wọ́n fi ń rí i. Títí dé abala karùn-ún, ariwo ni mò ń pa. Láti ìkẹfà, mo jókòó, mo ń ka abala bí obìnrin tó ń rọbí ṣe ń ka ìrora.

Abala kẹsàn-án ni Phakamile dúró lójijì. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Pajápajá mú un lẹ́yìn ẹsẹ̀ òsì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ wà ní gbangba bíi mángòrò tó pọ́n, Mzoxolo sì ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn. Mo dìde. Àkẹtẹ̀ mi já bọ́.

Mzoxolo kò jù ú. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sún sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan.

"Tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, Gatyeni," ó ní. Èmi tí mo wà lẹ́sẹ̀ okùn gbọ́ ọ. "Gìgísẹ̀ ni kó o fi tẹ̀ ẹ́."

Réfírì wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ jà!" ó ní. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, àwọn kan hó lé wọn. Phakamile ń fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ amọ̀. Nígbà tó tú u sílẹ̀, ó mi orí, ó sì fi ìbọ̀wọ́ kan ti ẹnìkejì. Wọ́n tún fi orí ti orí.

Abala kẹwàá, èyí tó kẹ́yìn, pajápajá náà mú Mzoxolo ní itan, àfi bí ẹni pé ó ń lọ láti ilé dé ilé. Kí ó tó pariwo tán, ọmọ mi ti sọ ọwọ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn dìde, ẹgbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin méjì tí kò ṣe nǹkan kan. Ìṣẹ́jú kan tó kù, àwọn méjèèjì jà á pẹ̀lú gbogbo gbọ̀ngàn lórí ìdúró. Títí mo fi máa kú, mi ò ní rí irú rẹ̀ mọ́.

Àwọn adájọ́ ní ọ̀mì ni.

Dókítà kan péré ló wà, wọ́n sì tẹ́ àwọn méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá kan, wọ́n so omi mọ́ wọn lápá. Mo ń fi àlùmágàjí gé báńdéèjì lọ́wọ́ Phakamile. Ẹni tó ṣètò ìjà wọlé pẹ̀lú bàtà dídán, ó ń rẹ́rìn-ín dé etí.

"Ẹ gbọ́ wọn níta! Ọ̀mì ò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejìlá, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí a mọ ọ̀gá. Gatyeni, kí lo wí?"

Mo dá àlùmágàjí dúró. Phakamile wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì yíjú sí mi.

"Màámi, kí lorúkọ ọ̀gbẹ́ni yìí?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣètò ìjà fún un. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mzoxolo náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ọmọ mi ní. "Mo ti parí."

"Bhele, ìwọ ńkọ́? Ọmọ kan wà tó ń yọ bọ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún..."

"Á pa mí," Mzoxolo ní. "Bí pajápajá bá sì mú mi, kò ní dúró dè mí."

Ọkùnrin náà wo fóònù rẹ̀, ó jáde. Ariwo ìta wọlé, ilẹ̀kùn sì tún pa á mọ́. Mo gé báńdéèjì tó kù, mo jù ú sínú ike ìdalẹ̀nù, mo kọjá sọ́dọ̀ Mzoxolo, nítorí kò ní ìyá tí yóò gé tirẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ọmọdé. Ojú rẹ̀ kò kúrò ní àjà.

"Gatyeni."

"Mm."

"Lọ́la, tí ojú mi bá là láago márùn-ún ìdájí, ìgbà tí a máa ń lọ sáré, kí ni n ó dìde ṣe?"