Ẹni Tó Ń Kọ́kọ́ Dé

"O pẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ohun tí láptọ́ọ̀pù ẹnu ọ̀nà kọ sójú nìyẹn nígbà tí ọ̀gá ilé ìfọṣọ tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Aago méje niṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ géètì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un ni, kò tíì sí ẹlòmíràn nínú ọgbà.

Omi ló lé e jí ní kùtùkùtù bẹ́ẹ̀, torí kò sí ẹni tí yóò gbé e kaná mọ́. Àná, ọjọ́ Ẹtì, ló fún Ìyá Olómi, obìnrin tó máa ń gbé omi ìfọṣọ kaná láràárọ̀, ní ìwé gbélé-ẹ. Oṣù méjì gbáko ni ẹ̀rọ fi ń kọ ọ́ pé ó pẹ́. Obìnrin náà ní òun kì í pẹ́, ó bẹ̀bẹ̀ títí. Ọ̀gá dá a lóhùn pé ẹ̀rọ kì í parọ́, kò sì lọ́tàá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu lánàá.

Ó ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Nígbà tí ìyẹn fi dé, aago láptọ́ọ̀pù ti pé régí. Ẹnjiníà kò bá a jiyàn pé ó sáré láàárọ̀. Ó pa ẹ̀rọ dé kó sùn, ó sì jókòó tì í fún wákàtí kan. Nígbà tó ṣí i, aago rẹ̀ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré kọjá.

"Líńọ́ọ̀sì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yìí, kì í mọ iye àkókò tó fi sùn dáadáa," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá pa á dé di ọjọ́ kejì, á fi bí àádọ́ta ìṣẹ́jú kún un. Tó bá jí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á tún un ṣe láìpẹ́. Màá ní kó máa dúró dè é kó tó gba nọ́ńbà ẹnikẹ́ni."

Ọkàn ọ̀gá balẹ̀. "Kò wá pa ẹnikẹ́ni lára nìyẹn."

"Àfi ẹni tó bá kọ́kọ́ jí i, mà. Ta ló máa ń kọ́kọ́ dé?"

Ọ̀gá kò mọ̀. Aago mẹ́sàn-án lòun ń dé ní tirẹ̀. Ẹnjiníà bá ṣí ibi tí ẹ̀rọ ń kọ nọ́ńbà sí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ léra, nítorí pé aago ni ìwé ọ́fíìsì fi ń tò wọ́n, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣí, nọ́ńbà keje ló ṣáájú: aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e wọlé ní aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni fún oṣù méjì. Keje ló ń ṣáájú.

Nọ́ńbà Ìyá Olómi ni.

Ọ̀gá kò mọ ìgbà tó dé yàrá àwọn tó ń lọṣọ. "Ta ló máa ń dé ṣáájú yín?"

"Ìyá Olómi ni, mà. Omi ti máa ń hó ká tó dé."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n wo ara wọn. "Ẹ ò bi wá, mà."

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òun tilẹ̀ kò gbọ́ ti ẹnìkan. Ti ẹ̀rọ ló gbọ́. Láràárọ̀ ló ń bá omi gbígbóná nílẹ̀, kò sì fìgbà kan rò ó pé ẹnìkan ní láti tètè dé kó lè gbóná. Ó pe Ìyá Olómi lórí fóònù.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Aago ẹ̀rọ yẹn ló ń sáré. Ẹ ò pẹ́ rí. Ẹ máa bọ̀ níbi iṣẹ́."

Ọ̀gá ń retí èébú, ì bá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

"Aago méjì ni mo rà láti fi yẹ ara mi wò," ni Ìyá Olómi sọ. "Àwọn ọmọ mi ní mo tètè ń jáde. Ẹ̀yin ní mo pẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá mi nìyẹn, kó tó di pé kò dá wa mọ̀ mọ́. Ọ̀gá, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe orí mi?"

"Ó dá mi lójú."

"Ẹ tún un sọ."

Ọ̀gá tún un sọ. Ó gbọ́ tí ìyá náà gbé fóònù sílẹ̀ láìpa á, tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ pé kì í ṣe orí òun o, aago ni. Ẹkún ti gba ohùn rẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́. Ọ̀gá di fóònù mú sétí, kò lè pa á. Ó ti rò pé ìwé gbélé-ẹ nìkan lòun fún un.