Ẹ̀gbà Tí Mùsáfírù Rà Fún Ìyá Rẹ̀

Inú òkun ni wọ́n sin Mùsáfírù sí. Ibà ló pa á nínú ọkọ̀ ojú omi tó ti ń se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó, nígbà tí wọ́n ti ń bọ̀ wálé. Àpótí rẹ̀ nìkan ló dé Èkó.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Hàfísátù, ṣe opó tán, ó wọ rélùwéè láti Ìfọ̀, ó lọ gba àpótí náà lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ní Àpápá. Ẹnìkan tí òun àti Mùsáfírù jọ wà nínú ọkọ̀ ti sọ fún àwọn ará ilé pé ẹ̀gbà ọrùn wúrà kan wà níbẹ̀ fún ìyá Mùsáfírù.

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, aṣọ́bodè tó jókòó sídìí àpótí náà, gbé ẹ̀gbà yìí sókè.

"Ìyàwó, kí lẹ pe èyí?"

"Wúrà ni, sà. Ìyá ọkọ mi ló ta tọrùn tirẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè rọ́nà wọ ọkọ̀. Ọkọ mi ní òun máa rà á padà fún un."

"Ọ̀tọ̀ ni owó bodè tí à ń gbà lórí wúrà, ọ̀tọ̀ ni ti ayédèrú. Ẹ jẹ́ kí n dán an wò kí n tó mọ ibi tí màá kọ ọ́ sí."

Ó fi ẹ̀gbà náà ha òkúta dúdú kan, ó sì kán omi kíkan tí wọ́n fi ń dán wúrà wò lé ojú ibẹ̀. Ilà pupa tó wà lára òkúta hó, ó di àwọ̀ ewé, ó sì parẹ́.

"Ẹ yọ̀," ni Bádéjọ wí. "Idẹ ni, wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pa á lára. Owó táṣẹ́rẹ́ lẹ máa san."

Hàfísátù kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ ọ́ sí wúrà. Mo yá owó wá. Màá san án."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ìyàwó, bí mo bá kọ ọ́ sí wúrà, kò lè tìtorí ìyẹn di wúrà." Òun fúnra rẹ̀ ló bá a dì í sínú aṣọ.

Nígbà tí Hàfísátù délé, Ìyá Ròkíátù, ìyá Mùsáfírù, gbé ẹ̀gbà náà sọ́rùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ." Hàfísátù gbé àpótí wọ yàrá lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá wọ aṣọ òde lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ó ní, "Mùsáfírù kò ní sàréè tí a ó máa dúró sí ṣàdúà fún un. Mo fẹ́ ta ẹ̀gbà yìí, kí á fi gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, kó jẹ́ sàráà fún un. Jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà."

Hàfísátù di ìró ìyá mú. "Ìyá, ẹ má lọ."

"Kí ló dé?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni Hàfísátù ti sọ gbogbo ohun tí aṣọ́bodè rí.

Ìyá Ròkíátù bọ́ ẹ̀gbà náà lọ́rùn, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ṣé ó mọ̀," ni ó bèèrè, "àbí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lọ́hùn-ún?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Bó bá mọ̀, á jẹ́ pé ojú tì í láti dé ọ̀dọ̀ mi lọ́wọ́ òfo. Ta ní ní kó mú nǹkan kan wá? Bí kò bá sì mọ̀, gbogbo iná ìdáná tó fi ọdún wọ̀nyí yá nínú ọkọ̀, òun náà ni olè kó lọ yẹn."

Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Hàfísátù jókòó tì í, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, ìyá kò dìde. Ọmọ rẹ̀ ló ń pè, bí ẹni tó bi ọmọ ní ìbéèrè tó sì ń retí èsì.

"Mùsáfírù. Mùsáfírù, dá mi lóhùn."