Òyìnbó tó Dọ̀bálẹ̀ ní Limawa

Ohun kan ṣoṣo ni Muneer ń wá lọ́dún yìí: kí Alhaji Àbdùlbáàkí jẹ́ kí òun fẹ́ Arifah, ọmọ rẹ̀. Ó ti lọ kí bàbá náà nílé rẹ̀ ní àdúgbò Fadikpe, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì gbé iṣu dání. "A ó wò ó" ni Alhaji ń wí ṣáá. Ọmọ Ìlọrin ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré. Ó ti lé ọmọkùnrin kan dànù rí nítorí pé ó jókòó kó tó kí òun tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Tísà Mofọláyọ̀ ṣètò eré fún ọjọ́ àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́ tí òun àti Muneer ti ń kọ́ni ní àdúgbò Limawa. Ìtàn gbogbo ayé ni, láti ìgbà tí àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ ti fẹsẹ̀ rìn kúrò ní Áfíríkà títí dé ìgbà tí òyìnbó fi ìbọn gba ilẹ̀ onílẹ̀. Tísà kì í fi nǹkan ṣòfò. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan ṣoṣo ló fi ṣe yìnyín ayé àtijọ́ tí àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ gbà kọjá dé Amẹ́ríkà, òun náà ló sì fi ṣe ìgbòkun ọkọ̀ òyìnbó. Muneer, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ni òyìnbó ajagun. Àjàní, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni ọba. Iṣẹ́ Muneer kò ju kó pariwo mọ́ ọba, kó sì ṣí fìlà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dánra wò, ó gbádùn iṣẹ́ náà débi pé Àjàní ní, "Ọ̀rẹ́, rọra o, orí èèyàn ló wà lábẹ́ fìlà yìí."

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọdé tó ń ṣe ènìyàn àkọ́kọ́ da àpò ìrẹsì bora, wọ́n ń rìn yí gbọ̀ngàn ká. Yorùbá ni Tísà kọ́ wọn, ojú ọ̀nà ni wọ́n gbàgbé ẹ̀ sí. "Mu je! Mu je!" ni wọ́n ń ké, ìyẹn "ẹ jẹ́ ká lọ" tí wọ́n ń gbọ́ ní ìgboro, bí ẹni pé Háúsá ni gbogbo aráyé sọ jáde kúrò ní Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n dé orí yìnyín, ọ̀kan jókòó, ó ní òun ò lọ sí Amẹ́ríkà mọ́, ẹsẹ̀ ń dun òun. Tísà fà á létí dé Amẹ́ríkà.

Ó wá kan Muneer. Ó wọ kákí, ó fi páúdà kun ojú, ó da abọ́ rọ́bà dé orí bí àkẹtẹ̀ òyìnbó. Ó fò jáde lẹ́yìn ìgbòkun, ó la ẹnu láti pariwo.

Alhaji Àbdùlbáàkí ló jókòó sórí ìtẹ́.

Ibà ló dá Àjàní dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Alhaji, tí í ṣe alága àwọn òbí, yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún òyìnbó.

Kí Muneer tó mọ ohun tó ń ṣe, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Abọ́ yí kúrò lórí rẹ̀, ó lọ bá àwọn tó jókòó níwájú.

"Ẹ káàsán, sà," ni òyìnbó wí. "Ẹ kú ìjókòó, sà. Ilé ńkọ́?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Dìde!" Ohùn Tísà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. "Àkókò lò ń fi ṣòfò yìí! Gba ilẹ̀!"

Muneer kò gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí kò bá ni yín lára, a fẹ́ gba ilẹ̀ yín."

Ojú Alhaji le. Láti àárọ̀ ló ti ń múra bí òun yóò ṣe ṣubú bí akọni. Ó tẹ̀ síwájú lórí ìtẹ́, ó rọ ohùn sílẹ̀.

"Haba, Muneer! Báyìí ni wọ́n ṣe ń jagun? Àwọn ẹbí mi ló ń wòran. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé irú òyìnbó jẹ́lẹ́ńkẹ́ yìí ló ṣẹ́gun mi?"

"Rárá, sà."

"Ṣí fìlà mi! Bí o kò bá ṣí i, má tọ ọ̀nà ilé mi mọ́ láé."

Òógùn bo Muneer, páúdà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá ṣí i, ó ti rí bàbá Arifah fín. Bí kò bá ṣí i, Arifah ti lọ. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ìtẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì ṣí fìlà náà. Orí Alhaji pá, ó ń dán yanran. Muneer gbọn eruku fìlà náà, ó sì gbé e lé bàbá náà lẹ́sẹ̀.

"Mo kú o!" Alhaji ké. Kò sí ikú nínú ipa rẹ̀, ṣùgbọ́n ó já bọ́ lórí ìtẹ́ gbì.

Nàfísátù, ìyá Arifah, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Kò rí ìbẹ̀rẹ̀ eré. "Kai! Ta ló ń ṣí ọkọ mi ní fìlà láàárín èrò?" Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó gun orí ìtàgé. Òyìnbó ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ rí eré ìje, inú wọn dùn, wọ́n gbá tẹ̀ lé e. "Mu je! Mu je!" Wọ́n lé e gba Amẹ́ríkà kọjá, wọ́n lé e jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Tísà já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà. "Ẹ̀yin òbí, èyí kò sí nínú ìtàn! Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́ nínú ìdánwò!"

Ẹ̀yìn kíláàsì ni Alhaji ti bá Muneer níbi tó sá pamọ́ sí. Ó ń gbọn erùpẹ̀ lára agbádá rẹ̀, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Mo ní kí o ṣí i, o ṣí i. O sì bẹ̀ mí kó o tó ṣí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀."

Muneer dọ̀bálẹ̀ sínú koríko. "Ẹ ṣé gan-an, sà! Ọjọ́ wo ni kí wọ́n wá, sà?"

"Èmi kẹ̀?" Alhaji ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ. "Ìwọ náà lo ṣáà rọ̀ mí lóyè. Béèrè lọ́wọ́ ìyá Arifah. Òun ló wà lórí oyè báyìí."

Muneer gbójú sókè. Nàfísátù ń sáré bọ̀ lórí pápá, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Muneer kò dìde rárá. Ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí i.