Kimchi Àjẹkù ní Ilé Màmá Tak

Ní oṣù kẹta ọdún 1981, Ma Jong-tae na ìka sí mi níṣojú gbogbo àwọn tó ń jẹun ní ilé ọbẹ̀ Màmá Tak ní Mapo, ní Seoul, ó ní, "Deok-su ni." Gbólóhùn kan péré. Gbólóhùn yẹn ló lé mi kúrò nídìí ìkòkò tí mo ti ń dáná sábẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Oníbàárà kan rí ojú eyín nínú kimchi rẹ̀. Kimchi onígbòǹgbò la máa ń bù ti ọbẹ̀, gbòǹgbò funfun tí a gé kéékèèké, tí a rẹ sínú ata àti iyọ̀ títí ó fi kan. Ẹnì kan ti gé ọ̀kan jẹ lápá kan, ó sì ti dá ìyókù padà sínú àwo. Ẹlòmíràn nínú wa ní ilé ìdáná kó o láti orí tábìlì tí wọ́n ti jẹ tán, ó bù ú síwájú ọkùnrin yìí. Ní ilé Màmá Tak, o lè jẹ́ kí ìrẹsì jóná, o lè fọ́ àwo, o lè pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Màmá á bú ọ, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti orí tábìlì bọ̀, inú garawa oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ló ń lọ. Òfin kan ṣoṣo tí ilé náà ní nìyẹn.

Màmá Tak wò mí, ó wo Jong-tae. Jong-tae fi ọdún kan jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, á ní eré ni òun ń ṣe. Ilẹ̀ ló ń wò. Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ ìdáná kúrò lára mi níṣojú àwọn tó ń jẹun, bí ẹni ń tú okùn lọ́rùn ewúrẹ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ilé ọbẹ̀ kan ní Mapo tó fẹ́ gbọ́ orúkọ Pyo Deok-su. Mo kó ẹrù mi, ó di Incheon. Jong-tae ló gba ìkòkò.

Mi ò kàwé. Kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ inú mi kì í jáde. Àwọn èèyàn a máa ní ẹni tó bá ń di kùnrùngbùn, ara rẹ̀ ló ń pa. Irọ́ ni. Mo di tèmi fún ọdún mẹ́tàlélógójì, mo sì fi ṣí ilé ọbẹ̀ tèmi ní Incheon, mo fi tọ́ ọmọ kan yanjú, mo sin ìyàwó mi bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ mi ò ru rí.

Ní báyìí tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, Se-ryeong ọmọ mi obìnrin máa ń mú mi jáde ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Kò sí ilé oúnjẹ tuntun kan ní Seoul tí kì í gbọ́ kí wọ́n tó kun ògiri rẹ̀ tán. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ràn kí n jókòó sáàárín àwọn ọ̀dọ́, kí n tọ́ ọbẹ̀ wọn wò, kí n sì sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ilé náà á pé ọdún kan. Mo ti sọ ti mọ́kànlélógún. Méjì péré ni mo ṣì.

Mo ní àṣà kan tí ọmọ mi kò fẹ́. Tí mo bá jẹun tán, mo máa ń da omi ọbẹ̀ tó kù sórí kimchi tó kù, màá fi ṣíbí rò ó pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè tún un bù fún ẹlòmíràn. Se-ryeong á máa wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò bá mi wá.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, ó mú mi lọ sí Seongsu, sí ilé kan tí wọ́n ti ń rán bàtà tẹ́lẹ̀. Wọn ò tún ògiri rẹ̀ ṣe, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rẹwà. Gíláàsì kan ń tàn lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ lèèyàn ń tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí, kó tó lọ máa rìn kiri títí wọ́n á fi pè é.

"Èèyàn mélòó ló wà níwájú wa?" mo bi í.

"Ogójì."

"Ogójì èèyàn nítorí omi egungun ẹlẹ́dẹ̀?"

"Bàbá, ẹ ò tíì mọ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ ibẹ̀ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

"Tó bá bá mi sọ̀rọ̀, màá dá a lóhùn."

Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó pè wá. Pákó gígùn kan ló yí ìkòkò ká nínú ilé, àwọn àga rẹ̀ ga débi pé ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, mo wá dà bí adìẹ tó wọlé sùn. Oúnjẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà: ọbẹ̀ egungun, ìrẹsì, kimchi onígbòǹgbò. Mo bu ṣíbí àkọ́kọ́. Mo dúró. Mo bu ìkejì.

Àlùbọ́sà tí a sun pẹ̀lú èèpo rẹ̀, tí a jù sínú ìkòkò, tí a sì yọ kúrò kó tó fọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ahọ́n mi ti dé Mapo kí ojú mi tó dé ibẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́ èyí," Se-ryeong ní. Ó gbé àwo rẹ̀ sápá kan, ó ń ka bébà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. "'Ní ọdún 1981, alásè kan bu kimchi àjẹkù fún oníbàárà ní ilé Màmá Tak. Ọjọ́ náà gan-an ni Màmá lé e lọ. Láti ìgbà yẹn, ohun tó bá kúrò lórí tábìlì yín kì í padà sórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ jẹun.'" Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ o. Ọ̀gbẹ́ni yẹn á ti kú báyìí, ìtìjú á ti pa á."

"Kò kú," mo ní. "Ó ń jẹun."

Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ojú eyín dórí aṣọ ìdáná. Kò pẹ́ mi.

"Ẹ sì mọ ẹni tó bù ú?"

"Àwa méjì là ń bu kimchi. Tí kì í bá ṣe èmi, ó ku mélòó?"

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Kí lò bá ṣe? Ṣé wàá lọ gbá a létí ni?"

"Màá gbá a." Ó ti mú báàgì rẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mi ò lè jẹ oúnjẹ wọn mọ́."

"Lọ síbo? Ọbẹ̀ mi ò tíì tán. Ọbẹ̀ ò ṣẹ̀ mí."

Mo jẹ ẹ́ tán. Ó dùn, mi ò lè sọ pé kò dùn. Mo wá da omi tó kù sórí kimchi, mo sì rò ó pọ̀. Bí mo ṣe gbé ojú sókè, bàbá arúgbó kan ń wò mí láti ẹ̀yìn ìkòkò, ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń di ìgbakọ mú ò yí padà. Ó yí pákó ká wá bá mi.

"Deok-su? Àbúrò mi! Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni. Ìwọ náà ṣì wà láyé."

Ojú rẹ̀ yí díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ẹ lò ń pè ní 'ìwọ'?"

"Mo ti gba oyè yẹn padà lọ́wọ́ ẹ tipẹ́. Kí ni èyí?" Mo fi ìka lu bébà náà.

Jong-tae tẹ̀ sún mọ́ mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi ni. Òun ló ni ibí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ìtàn ni wọ́n fi ń ta ọbẹ̀. Wò ó, orúkọ ẹ ò sí níbẹ̀."

"Tìẹ náà ò sí níbẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn."

"Deok-su, ọ̀rọ̀ ti gbó. Wá sẹ́yìnkùlé. Màá bẹ̀ ẹ́. Tó o bá ní kí n kúnlẹ̀, màá kúnlẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yìnkùlé lo ti nàka sí mi ni?"

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kíá, bí ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan. Èmi náà wo ibẹ̀. Obìnrin arúgbó kan jókòó sídìí ògiri, lórí àga kan ṣoṣo tó ní ìtìmù nínú ilé náà, abọ́ kékeré kan wà níwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì mi orí, bí ọba tó gba ìwé ẹ̀bẹ̀.

Mo di pákó mú. Mo ti rò pé Màmá Tak ti kú.

"Ẹni ọdún méjìléláàdọ́rùn-ún ni," Jong-tae sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Sátidé Sátidé la máa ń gbé e wá tọ́ ọbẹ̀ wò. Jọ̀ọ́. Jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà."

Gbogbo Mapo ò jẹ́ nǹkan kan fún mi mọ́. Àwọn tó lé mi nígbà yẹn ti kú tán, ilé wọn ti di báńkì. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbọ́ ohùn ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ ló tú aṣọ kúrò lára mi. Tó bá bá irọ́ yìí dé sàréè, kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè dá mi láre.

"Mi ò ní dìde lórí àga yìí," mo ní, "títí o fi máa sọ ọ́ fún un. Se-ryeong, bá wa tẹ abọ́ ọbẹ̀ méjì sí i lórí fóònù ẹ."

"Mo ti tẹ mẹ́rin, Bàbá."

Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ń dúró ti ń na ọrùn. Tọkọtaya kan tó ń retí àga wa ń wo aago. Jong-tae dúró, kò lè lé mi, kò lè fi mí sílẹ̀.

"Jong-tae!" Màmá Tak pè é. Ohùn rẹ̀ ò tíì darúgbó. "Ta ni bàbá tó da ọbẹ̀ sórí kimchi yẹn? Ọmọ ilé ìdáná ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mú un wá."

Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni mú mi. Mo bọ́ sílẹ̀ fúnra mi, mo lọ bá a, mo tẹrí ba láti ìbàdí.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Pyo Deok-su ni."

"Sọ̀rọ̀ sókè! Etí ọ̀tún ti kú, tòsì ń ṣe bó ṣe wù ú."

"Pyo Deok-su ni, Màmá!"

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. "Deok-su alájẹkù. O láyà o, tó o fi wọ ibi tí mo wà."

"Mo láyà, Màmá. Mo tò lẹ́nu ọ̀nà bíi ti gbogbo èèyàn, mo wọlé, mo jẹun. Ọbẹ̀ dáa. Àlùbọ́sà yẹn ti ń pẹ́ jù nínú ìkòkò díẹ̀."

Ohun kan fẹ́ di ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Èmi náà ti sọ fún wọn. Kí lo wá wá?"

"Ìbéèrè ni mo mú wá. Fún ọdún mẹ́jọ tí mo fi wà lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ rí i kí n bu àjẹkù rí, yàtọ̀ sí ọjọ́ yẹn?"

Ó rò ó. Kì í ṣe obìnrin tó ń yára dáhùn. "N ò rí i."

"Ṣé ẹ rí i lọ́jọ́ yẹn alára?"

"N ò rí i. Wọ́n sọ fún mi ni."

"Ṣé ẹ bi èmi?"

Ọwọ́ rẹ̀ tó di ṣíbí mú dúró lójú kan. "N ò bi ọ́."

"Mi ò bínú sí yín nítorí ẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ fún yín rèé lẹ́yìn mi. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i."

Màmá Tak na ìka rẹ̀ tó ti wọ́, ó fi pè é. Jong-tae wá, ó ṣì mú ìgbakọ dání, omi ọbẹ̀ ń kán sórí bàtà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti dáwọ́ dúró nídìí ìkòkò, ó ń wò wá. Kò sí ẹni tó ń jẹun mọ́.

"Jong-tae. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ṣé òun ni?"

Jong-tae sọ nǹkan sínú àyà rẹ̀.

"N ò gbọ́."

"Màmá, ó ti pẹ́..."

"N ò bi ọ́ bó ṣe pẹ́ tó! Ta ni?"

Bàtà rẹ̀ ni Jong-tae ń bá sọ̀rọ̀. "Èmi ni."

"Mo ní n ò gbọ́!"

Mo tẹ̀ sún mọ́ ọn. "Pariwo fún un. Kì í ṣe ohùn ni kò sí lọ́fun ẹ."

Jong-tae gbé ìgbakọ sílẹ̀ lórí tábìlì Màmá. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó wá kọjú sí etí òsì obìnrin náà.

"Èmi ni, Màmá!" Ohùn rẹ̀ lu ògiri ilé bàtà yẹn látòkè délẹ̀. "Kimchi tán lọ́jọ́ yẹn, tuntun ò tíì kan! Mo kó ti orí tábìlì tí wọ́n ti jẹ tán, mo bù ú fún ọkùnrin yẹn! Mo ti gbọ́ pé Deok-su lẹ fẹ́ gbé ìkòkò fún, ìyẹn ni mo ṣe ní òun ni! Deok-su ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, Màmá! Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn!"